Àwòrán Alùpùpù Tí Wọn Kò Rọ

Gottlieb Daimler gba ìwé-àṣẹ lórí alùpùpù rẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1885. Ohun méjì wà nínú àwòrán àkọ́kọ́ tí wọn kò rọ mọ́ ọn. Èkíní ni irin ìdarí tó ṣẹ́ kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó dé ẹsẹ̀ iwájú. Àṣejù ni, ó tọ́ kí wọ́n pa á tì. Èkejì ni ọwọ́ tí à ń lọ́: síhìn-ín fún eré, sọ́hùn-ún fún bíréèkì. Ẹ dé Takie, kí ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún ọlọ́kadà: lílọ́ ni ó fi ń fún ẹ́ńjìnnì níná. Àìrọ kì í ṣe ẹ̀rí àìgbọ́n. Olùkọ́ tó bá fẹ́ fa àwòrán ọmọ ya, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀: ṣé àṣejù ni, àbí ọgbọ́n tó ṣáájú àsìkò rẹ̀?