Iṣẹ́ Ọwọ́ Ẹni Tó Ń Wọ́ Pákó

Ní Pobè ní orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà láti 1922, ta ni kò mọ̀ pé epo ń mú nǹkan yọ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì lè fi nọ́ńbà sọ bó ṣe ń yọ̀ tó.

Á gbé pákó tó wúwo tó newton 10 sórí tábìlì, á fi òṣùwọ̀n onísípíríǹgì kọ́ ọ, á sì máa wọ́ ọ lọ ní eré kan náà. Ọwọ́ ló ṣòro: bó bá já a, òṣùwọ̀n á máa fò. Agbára tó kọ́kọ́ ṣí pákó nídìí sábà máa ń ju èyí tó ń mú un lọ. Bí òṣùwọ̀n bá dúró sórí newton 3 bí pákó ṣe ń lọ, á fi 10 pín in: 0.3. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni pákó ṣe ń yọ̀ tó.

Coulomb, ará Faransé, tẹ irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ jáde ní 1785, lórí pákó gbígbẹ àti èyí tí wọ́n fi ọ̀rá pa. Ní Pobè, epo pupa náà tó ṣe é.