Etí Gẹ̀rẹ́ Lára Odidi: Lámèyítọ́ Lórí Fífá Etí Nínú Ètò Ìyàwòrán-Ilé

Etí ni ibi tí ojú méjì lára odidi kan ti pàdé. Bí a bá fá etí náà ní gẹ̀rẹ́, ojú tóóró kẹta á yọ láàárín àwọn méjì àkọ́kọ́, ó sì sábà máa ń dà ní dìgírì 45. Káfíńtà ń fi ìfági ṣe é, agékùúta ń fi ẹ̀rọ ṣe é. Ẹni tó ń ya ilé lórí kọ̀ǹpútà náà gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà tirẹ̀, nítorí etí pẹpẹ ìdáná, ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, dígí ara ògiri àti táìlì ló ń fẹ́ ẹ. Síbẹ̀, ìwọ̀nba ni ohun tí àwọn alámèyítọ́ ń kọ nípa rẹ̀. Wọ́n á tú ọ̀rọ̀ òrùlé àti àtẹ̀gùn palẹ̀, wọ́n á yin ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé títí. Tó bá kan etí, wọ́n á ní àrà ojú àwòrán lásán ni. Èrò yìí ti tàn kálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Kì í ṣe pé kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ní 1975, Bui Tuong Phong, ọmọ Vietnam tó ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Yunifásítì Utah, tẹ ìlànà kan jáde lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè ṣírò ibi tí nǹkan yóò ti máa dán. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà náà, bí ìmọ́lẹ̀ tó ta padà bá ṣe ń sún mọ́ ojú ẹni tó ń wò ni ibẹ̀ ṣe ń dán sí. Àpótí tí etí rẹ̀ mú kò ní ju ojú mẹ́ta tí a lè rí lẹ́ẹ̀kan náà lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì kọjú sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Àyè dìgírì 90 tó wà láàárín wọn ṣófo. Etí tí a fá ní róbótó ló ní gbogbo ìdojúkọ tó wà láàárín yẹn, nítorí náà ó rọrùn kí ibì kan lára rẹ̀ mú ìmọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí ilé orí kọ̀ǹpútà tí wọn kò fá etí inú rẹ̀ fi ń jọ páálí. Ní 1978, James Blinn fi hàn pé a lè yí ìdojúkọ tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣírò ìmọ́lẹ̀ padà láìfọwọ́ kan ìrísí ohun náà fúnra rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ọgbọ́n etí ojú àwòrán ti ṣẹ̀. V-Ray, ètò tó ń sọ àwòṣe di àwòrán, ní tirẹ̀; Cycles, tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn nínú ètò ìyàwòrán Blender, náà ní tirẹ̀: ìgbà tí àwòrán ìkẹyìn bá ń jáde nìkan ni etí á dà bí èyí tí a fá.

Fún àwòrán tí a ń wò láti ọ̀ọ́kán, èyí tó. Ṣùgbọ́n ìlà àyíká ohun náà ṣì mú bó ṣe mú tẹ́lẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì yí padà. Bí a bá la àwòṣe náà láàárín láti fi inú rẹ̀ han oníṣẹ́, kò sí gẹ̀rẹ́ kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀, kò jọ pé ó ti gbé iṣẹ́ fún agékùúta rí.

Ọ̀nà kejì ni kí a gé odidi náà ní tòótọ́, ibi méjì ni wọ́n sì ti fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1970. Ní Yunifásítì Rochester ní Amẹ́ríkà, Herbert Voelcker àti Aristides Requicha wo odidi gẹ́gẹ́ bí ohun tí a rí nígbà tí a bá pa àwọn ìrísí kéékèèké pọ̀, tí a yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì, tàbí tí a mú ibi tí wọ́n ti wọnú ara wọn. Ní Cambridge, awọ odidi ni Ian Braid bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀: ojú, etí, igun, àti bí wọ́n ṣe so mọ́ra. Àwọn ètò ìyàwòrán-ilé yá lọ́wọ́ ibi méjèèjì. Chief Architect, tí wọ́n ń ṣe ní Idaho, ní àṣẹ tó ń yọ odidi kan kúrò lára òmíràn. SketchUp, tó jáde láti ìlú Boulder ní Colorado lọ́dún 2000, awọ nìkan ló mọ̀. Ẹ̀dà kẹjọ rẹ̀ ní 2010 ló mú irinṣẹ́ àyọkúrò dé, pẹ̀lú àdéhùn pé etí kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ojú méjì péré, kí ihò má sì sí níbikíbi. Sweet Home 3D ti Emmanuel Puybaret kò bá wọn du ipò yìí; ohun tí a ti fá etí rẹ̀ níbòmíràn ló ń gbà wọlé.

Pẹpẹ ìdáná tó tẹ̀ bíi lẹ́tà L ló dára jù láti fi yẹ iṣẹ́ náà wò. Ká ní òkúta gíránáìtì tó nípọn tó mìlímítà 30 ni, tí a sì fẹ́ fá etí òkè rẹ̀ ní mìlímítà 10. Nínú SketchUp, a ó ya igun mẹ́ta kékeré sí ìpẹ̀kun etí náà, a ó yan ipa ọ̀nà tí yóò tọ̀, a ó sì fi irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Follow Me rán an lọ. Ibi tó bá gbà kọjá á gé dànù. Nínú Chief Architect, a lè ṣe ọ̀pá onígun mẹ́ta kí a sì yọ ọ́ kúrò lára òkúta. Méjèèjì bá iṣẹ́ ọwọ́ mu, torí pé dídín ni fífá etí ń dín nǹkan kù. Àwọn kan ń kọ́ni pé kí a lẹ ìlà gẹ̀rẹ́ mọ́ etí láti ìta. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń fi kún òkúta tó yẹ kó dín, ìwọ̀n pẹpẹ á sì ṣì.

Kọ̀rọ̀ inú L náà ni iṣẹ́ ti le. Follow Me á yí níbẹ̀ láìbìkítà, gẹ̀rẹ́ méjì á sì pàdé lórí ìlà kan tó mú ketekete. Ẹ̀rọ agékùúta kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Irin tó fi ń fá etí rí róbótó, yíyí ló ń yí, kò sì lè wọ kọ̀rọ̀ tó há ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Yàtọ̀ sí èyí, kọ̀rọ̀ inú tó mú ni òkúta ti sábà ń là, ìdí sì nìyí tí àwọn agékùúta fi ń sọ ọ́ di róbótó. Ipa ọ̀nà náà ló yẹ kí a kọ́kọ́ tẹ̀ ní róbótó ní kọ̀rọ̀ yẹn, kí a tó rán igun mẹ́ta lọ. Àwọn tó ń yin Follow Me kì í dé ibí yìí. Orí pẹpẹ tó lọ tààrà ni ìyìn wọn máa ń parí sí.

SketchUp tún ní àléébù kan. Bí àmì méjì bá sún mọ́ra ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ínṣì lọ, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 0.025, ètò náà á kà wọ́n sí ọ̀kan. Etí kékeré tí a fi ìlà púpọ̀ sọ di róbótó sábà máa ń já sí ihò níbi tí àwọn ìlà ti pàdé. Ọ̀nà àbáyọ ni kí a ya ohun náà bíi pé mìlímítà kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà kan, kí a fá a, kí a tó dá a padà sí ìwọ̀n rẹ̀.

Ìwọ̀n gan-an ní wàhálà tirẹ̀. Mìlímítà 10 tí a wí yìí jẹ́ láti etí àtijọ́ sí etí tuntun. Bí a bá wọn ìbú ojú gẹ̀rẹ́ fúnra rẹ̀, mìlímítà 14.1 ni, bí a bá wọ̀n láti etí àtijọ́ wọlé tààrà dé ojú gẹ̀rẹ́, mìlímítà 7.1 ni. Blender jẹ́ kí a yan èyí tí a fẹ́, ó sì yẹ kí a kọ ọ́ sára àwòrán tí a ó gbé fún oníṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ibi tí etí mẹ́ta ti pàdé ni a ti ń mọ ọ̀nà kan yàtọ̀ sí èkejì, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òun nìkan ni àríyànjiyàn gidi tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ká mú àpótí tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba, kí a fá gbogbo etí rẹ̀ ní mìlímítà 10. Bí ó bá jẹ́ àyọkúrò ni, ojú gẹ̀rẹ́ mẹ́ta á pàdé ní igun kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì dá ṣóńṣó kékeré kan sílẹ̀. Ojú gẹ̀rẹ́ kọ̀ọ̀kan á di onígun mẹ́fà. Bí ó bá jẹ́ Blender la lò, tí a ní kó fi ojú kan ṣoṣo fá etí, ojú mẹ́fà àpótí á fà sẹ́yìn, gẹ̀rẹ́ onígun mẹ́rin á so wọ́n, igun mẹ́ta pẹlẹbẹ á sì bo àyè tó kù. Ṣóńṣó ti àyọkúrò fi nǹkan bíi mìlímítà 2.9 ga ju pẹlẹbẹ yẹn lọ.

Àwọn tó fẹ́ràn pẹlẹbẹ ń sọ pé òun ló mọ́ jù, pé ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Ọwọ́ tó bá gba orí igun tábìlì kọjá mọ mìlímítà mẹ́ta dáadáa. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé káfíńtà tó fi ìfági fá etí mẹ́ta, ṣóńṣó ni yóò bá níbẹ̀. Kí pẹlẹbẹ tó lè wà, ó gbọ́dọ̀ gé e lẹ́ẹ̀kẹrin. Ètò tó ń fúnni ní pẹlẹbẹ láìbéèrè ti fi iṣẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ kún iṣẹ́ náà. Òótọ́ ni pé oníṣẹ́ máa ń gé orí ṣóńṣó kúrò níbi tí ọmọdé lè forí gbá, àmọ́ ìpinnu tirẹ̀ nìyẹn, lọ́tọ̀ ló sì yẹ kó hàn lójú àwòrán.

Ó ku ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí etí nígbà tí a bá fa odidi náà gùn. Ká ní ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kan fẹ̀ ní mìlímítà 400, tí a fá etí ojú rẹ̀ ní mìlímítà 10 yíká. Bí a bá fà á di mìlímítà 600, gẹ̀rẹ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á fẹ̀ di 15, jíjìn rẹ̀ á ṣì jẹ́ 10, dìgírì 45 á sì rẹlẹ̀ sí nǹkan bí 34. Ti òkè àti ìsàlẹ̀ kò ní yí padà, ìlà tí wọ́n fi pàdé ní igun á sì wọ́. Bí Sweet Home 3D ṣe ń fa ohun tó bá gbà wọlé nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni irinṣẹ́ Scale inú SketchUp. Chief Architect gbà kí a sàmì sí ibi tí nǹkan yóò ti máa fà, kí àárín nìkan lè fẹ̀. Nínú SketchUp, kí a yan gbogbo ìlà ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kan pẹ̀lú gẹ̀rẹ́ rẹ̀, kí a sì fi Move sún un ní mìlímítà 200.