Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Tí Kò Di Odindi: Àyẹ̀wò Ìpinnu 242 Ní Èdè Méjì

Àwọn àgbà wa ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Òwe yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn nígbà tí a gbé ìwé tí gbogbo ayé ń pè ní Ìpinnu 242 síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n ń múra ìdánwò BAC. Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 1967 ni Ìgbìmọ̀ Aláàbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò lé e lórí, gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ náà, àwọn 15, ni ó sì gbà á. Àdéhùn Camp David ti ọdún 1978 àti ti Oslo ní ọdún 1993, orí ìwé yìí ni àwọn méjèèjì jókòó lé. Ìwé òṣèlú ni a máa ń kà á sí. Ṣùgbọ́n lónìí a fẹ́ kà á bí a ti ń ka iṣẹ́ òǹkọ̀wé: gbólóhùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀, àti ohun tí ó yí padà nígbà tí ó kúrò nínú èdè kan bọ́ sínú èkejì.

Ogun ọjọ́ mẹ́fà ti oṣù kẹfà ọdún 1967 ni ó bí ìwé náà. Nínú ogun yẹn ni Ísírẹ́lì gba Sínáì àti Gásà lọ́wọ́ Íjíbítì, tí ó gba Ìwọ̀-Oòrùn Odò Jọ́dánì àti apá ìlà-oòrùn Jerúsálẹ́mù lọ́wọ́ Jọ́dánì, tí ó sì gba òkè Golan lọ́wọ́ Síríà. Lord Caradon, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ni ó gbé ìwé náà kalẹ̀. Ẹsẹ̀ méjì ni ó fi dúró. Èkíní ni pé kí ọmọ ogun Ísírẹ́lì kúrò níbi tí wọ́n gbà. Èkejì ni pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní agbègbè náà lè máa gbé ní àlàáfíà nínú ààlà tí kò léwu, tí àwọn yòókù sì mọ̀ ní ààlà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀ tilẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé kò tọ́ kí a fi ogun gba ilẹ̀ onílẹ̀. Títí dé ibí, iṣẹ́ ọlọ́wọ́ pípé ni. Ìwé náà kúrú, ó wọ̀n, kò bú ẹnikẹ́ni.

Ibi tí ó ti sé wa lójú ni gbólóhùn kan ṣoṣo. Gẹ̀ẹ́sì ní kí ọmọ ogun náà kúrò “from territories occupied in the recent conflict”. Faransé ní “des territoires occupés lors du récent conflit”. Èdè méjèèjì ni èdè iṣẹ́ Ìgbìmọ̀ náà nígbà yẹn. Ẹni tí ó bá kọ́ Faransé mọ̀ pé “des” ibí yìí ti gbé “les” pamọ́ sínú: àwọn ilẹ̀ náà, èyí tí gbogbo wa mọ̀. Bí ó bá ṣe pé àwọn ilẹ̀ kan lásán ni wọ́n ń wí, “de territoires” ni ìbá jẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ fi ọ̀rọ̀ kékeré náà sílẹ̀. Láti inú àlàfo yẹn ni Ísírẹ́lì ti mú un jáde pé ìwé náà kò sọ pé kí òun kúrò lórí gbogbo ilẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé ààlà tí kò léwu ṣì wà láti jíròrò lé lórí. Àwọn Lárúbáwá ní gbogbo rẹ̀ ni. Ní ọjọ́ ìdìbò náà gan-an, aṣojú Faransé sọ ọ́ gbangba pé ìwé ti èdè òun kò fi àyè iyèméjì sílẹ̀.

A pín kíláàsì wa sí méjì. A fún àwọn kan ní ti Faransé, a fún àwọn yòókù ní ti Gẹ̀ẹ́sì, a ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá láìwo iṣẹ́ ara wọn. Àwọn ti Faransé kọ “kúrò lórí àwọn ilẹ̀ náà tí wọ́n gbà”. Àwọn ti Gẹ̀ẹ́sì kọ “kúrò lórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà”. Nígbà tí a ka méjèèjì síta, ọmọbìnrin kan dìde, ó ní: “Ẹ jọ̀wọ́, olùkọ́ wa, bí akéde bá ké e pé kí ẹlẹ́ran kó ẹran kúrò lọ́jà, ta ni yóò fi ewúrẹ́ mẹ́ta sílẹ̀ kí ó ní akéde kò sọ pé gbogbo ẹran?” Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà tóbi ju ẹ̀rín lọ. Nínú Yorùbá, ọ̀rọ̀-orúkọ tí kò ní ohunkóhun níwájú lè jẹ́ ọ̀kan, ó lè jẹ́ púpọ̀, ó sì lè jẹ́ gbogbo. Àyíká ọ̀rọ̀ ni í pinnu. Ní ọjà, gbogbo wa ni a gbọ́ akéde bákan náà nítorí pé a jọ mọ ohun tí a ń wá. Láàárín àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jagun tán, àyíká kan náà kò sí.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àṣìṣe ògbufọ̀ ni. Ṣáájú ìwé Caradon, India, Mali àti Nàìjíríà ti jọ gbé ìwé tiwọn wá, ọ̀rọ̀ náà “gbogbo” sì wà nínú rẹ̀ kedere. A kò dìbò lé ìwé yẹn lórí. Èyí tí kò ní “gbogbo” nínú ni ó gba ìbò 15. A ń fi èyí hàn láti sọ pé àlàfo náà jẹ́ iye tí wọ́n san kí ọwọ́ gbogbo wọn lè gòkè lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀rọ̀ yòówù tí a bá fi dí i ìbá ti lé ẹnìkan kúrò nídìí tábìlì.

Ǹjẹ́ èyí burú? Camp David fún wa ní ìdáhùn méjì. Fún ọjọ́ mẹ́tàlá nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 1978, Carter, Sadat àti Begin jọ wà níbẹ̀, ìwé ìlànà méjì ni wọ́n sì gbé jáde. Èyí tí ó kan Sínáì dárúkọ ààlà pàtó: dé ibi tí ààlà àgbáyé láàárín Íjíbítì àti Palẹ́sìtínì ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì wà. Ní oṣù kẹrin ọdún 1982, Ísírẹ́lì ti kó kúrò. Ìwọ̀nba ilẹ̀ Taba tí ó kù, tí wọ́n ń jà lórí ibi tí òpó ààlà wà gan-an, àwọn onídàájọ́ àgbáyé ni ó yanjú rẹ̀ ní ọdún 1988, a sì dá a padà ní ọdún 1989. Níbi tí a ti gbin pèrègún, ìjà ní ibi tí yóò parí sí.

Ìwé kejì sọ̀rọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Odò Jọ́dánì àti Gásà. Ó ṣèlérí ìjọba ara-ẹni, kò sọ bí yóò ti rí. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí Carter fi kọ lẹ́tà sí Begin pé òun mọ̀ pé níbi gbogbo tí ìwé náà bá ti dárúkọ Ìwọ̀-Oòrùn Odò Jọ́dánì, Jùdíà àti Samáríà ni Begin ń kà á sí. Ìwé kan náà, orúkọ méjì fún ilẹ̀ kan! Ìjọba ara-ẹni yẹn kò fìdí múlẹ̀. Ọmọ Palẹ́sìtínì kankan kò sì sí nídìí tábìlì náà. Nínú Ìpinnu 242 fúnra rẹ̀, orúkọ wọn kò jẹ yọ rárá. “Ìṣòro àwọn tí ogun lé kúrò nílé” nìkan ni ó wí. Oslo ni ó kọ́kọ́ mú kí Ísírẹ́lì àti ẹgbẹ́ Arafat fi lẹ́tà mọ ara wọn, ṣùgbọ́n òun náà ti ọ̀rọ̀ ààlà, Jerúsálẹ́mù, ibùdó àwọn ará Ísírẹ́lì àti àwọn tí ogun lé síwájú di ọjọ́ mìíràn.

Ẹnìkan lè sọ fún wa pé bí wọ́n bá ti dúró de ọ̀rọ̀ tí ó ṣe kedere, ìwé kankan kì bá tí sí. A gbà bẹ́ẹ̀. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ lè ṣí ilẹ̀kùn, Sínáì sì jẹ́rìí sí i. Ẹ̀sùn wa ni pé lẹ́yìn tí ilẹ̀kùn ti ṣí, a fi àbọ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn lé ti àkọ́kọ́ lórí. Ẹni tí ó fọwọ́ sí i ń lọ sílé pẹ̀lú odindi tirẹ̀ nínú. Ẹni tí ń gbé lórí ilẹ̀ náà ni ó ń gbé nínú àlàfo.

Àwa tí a ń kọ ìwé ìròyìn yìí ní òpó méjì, Yorùbá ní apá kan, Faransé ní apá kejì, a ní ẹ̀kọ́ tiwa láti mú níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wa ló ń ka òpó Faransé bí òótọ́, tí a ń ka ti Yorùbá bí ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ máa ka méjèèjì papọ̀, kí ẹ sì máa bèèrè ibi tí wọn kò ti dọ́gba. Níbi tí wọn kò bá ti dọ́gba, ẹ fi ìka síbẹ̀, kí ẹ bi òǹkọ̀wé léèrè, kódà bí ó bá jẹ́ àwa.