Àmì Tótòtó àti Ìtàn tí ó wà Lẹ́yìn Rẹ̀: Kíkọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ ní Iṣẹ́ Ọnà Àwọn Ọmọ Onílẹ̀ Ọsirélíà

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ń gbà fi àwòrán àwọn ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà han akẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ yóò ya alángbá sórí pépà, yóò pín òwú àti ọ̀dà, àwọn ọmọ yóò sì máa fi òwú sàmì tótòtó sí alángbá náà lára títí tí yóò fi kún. A ti jókòó wo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nígbà tí a bẹ akẹ́kọ̀ọ́ wa kan wò lẹ́nu ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́. Inú àwọn ọmọ dùn, iṣẹ́ wọn sì wuni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bi ọ̀kan nínú wọn léèrè ohun tí àwòrán rẹ̀ ń sọ, èsì rẹ̀ ni pé, "Tótòtó ni, sà." Ní èrò tiwa, ìbòjú ni a fi kọ́ ọmọ yẹn, a kò jẹ́ kí ó mọ̀ pé ojú wà lábẹ́ rẹ̀.

Papunya ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀, ìlú kékeré kan nínú aṣálẹ̀ tí ó tó nǹkan bí 240 kìlómítà sí Alice Springs. Ní 1971, olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Geoffrey Bardon gba àwọn àgbà ibẹ̀ níyànjú láti yàwòrán. Kaapa Tjampitjinpa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ya ìtàn èèrà olóyin sára ògiri ilé-ẹ̀kọ́. Ní 1972 wọ́n dá ilé-iṣẹ́ tiwọn, Papunya Tula, sílẹ̀. Ní 1974 ni wọ́n fi ọ̀dà pa àwòrán ara ògiri náà rẹ́. Olùkọ́ lè fi ipa Bardon yangàn, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ó ni ìtàn náà.

Àwọn àmì inú àwòrán wọ̀nyí ti wà tipẹ́ lórí iyanrìn àti lára ènìyàn. Àmì tí ó rí bí lẹ́tà U dúró fún ẹni tí ó jókòó, nítorí irú ojú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn ń fi sílẹ̀ lórí iyanrìn. Òbìrípo tí ó wà nínú òbìrípo lè jẹ́ ibi omi, ibùdó tàbí ìdáná. Ẹnu ẹni tí ń pìtàn ni a ó ti mọ èyí tí ó jẹ́. Ìdí nìyí tí a kò fi fara mọ́ ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ń to àmì àti ìtumọ̀ wọn bí ẹni ń to álífábẹ́ẹ̀tì.

Tjukurrpa ni wọ́n ń pe orírun àwọn ìtàn náà. Àwọn òyìnbó so ó mọ́ àlá. Ìwáṣẹ̀ ni ó sún mọ́ ọn jù lédè wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwáṣẹ̀ tiwa ti kọjá, tí Tjukurrpa sì ṣì jẹ́ òfin àti ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ lónìí.

Nínú àwọn àwòrán àkọ́kọ́, àwọn ohun kan hàn tí ọ̀gbẹ̀rì kò gbọdọ̀ rí. Àwọn àgbà ìlú mìíràn bínú. Lẹ́yìn èyí, àwọn ayàwòrán yọ àwọn nǹkan kan kúrò, àmì tótòtó sì ń pọ̀ sí i láti fi bo àwọn mìíràn. Kì í ṣe ìdí kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń lò ó nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ohun tí a ń pè ní awo kò ní béèrè àlàyé púpọ̀.

Ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ sí ìtàn ni ó lè yà á. Ní 1994, ilé-ẹjọ́ kan ní Ọsirélíà dá àwọn ayàwòrán láre lórí àwọn tí wọ́n ṣe àdàkọ iṣẹ́ wọn sára kápẹ́ẹ̀tì. Nítorí náà, kí olùkọ́ má ṣe ní kí ọmọ hùmọ̀ Tjukurrpa. Kí ó fi àwòrán Warlugulong hàn wọ́n, èyí tí Clifford Possum Tjapaltjarri yà ní 1977, tí ilé ìṣàfihàn iṣẹ́ ọnà ìjọba ibẹ̀ sì rà ní 2007 ní mílíọ̀nù 2.4 dọ́là Ọsirélíà. Ìtàn Lungkata wà nínú rẹ̀: bàbá tí ó dáná ìgbẹ́ láti fi jẹ àwọn ọmọ rẹ̀ méjì níyà, nítorí pé wọ́n dá ẹran kangarú jẹ láì fún un. Ọmọ wo ni kò ní tẹ́tí?

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n jáde síta, láìsí òwú, láìsí ọ̀dà. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ìka ya ìtàn ilé tirẹ̀ sórí iyanrìn bí ó ti ń sọ ọ́: ẹni tí ó jókòó, ibi tí omi wà, ọ̀nà tí wọ́n gbà. Bí ó bá parí, kí ó fi ọwọ́ pa á rẹ́, kí ẹlòmíràn lè bẹ̀rẹ̀.