Ẹ̀rín Ara Ilẹ̀kùn

Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, James Gillray a máa fi àwọn ọlọ́lá Lọ́ńdọ̀nù ṣẹ̀sín nínú àwòrán, ikùn bọ̀ǹtọ̀, imú gbọọrọ. A ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, àwọn ọlọ́lá náà a sì rà á. Àwọn kan ní agbẹ́gilére Èkìtì kò mọ irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ohun tójú wọ́n rí ni wọ́n kàn gbẹ́. N kò gbà. Lóòótọ́, Aréògún ará Ọ̀sì kì í ba ojú ẹnikẹ́ni jẹ́: ojú kan náà ni ẹlẹ́ṣin àti ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ ní lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìjókòó ni ẹ̀fẹ̀ Èkìtì wà. Ẹ wo ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914. Ògògà gúnwà, adé lórí, olorì lẹ́yìn. Kápútéènì Ambrose, aṣojú ìjọba òyìnbó, ká jọ sínú àga tí wọ́n fi gbé e, bí ẹrù ọjà. Ní ọdún 1924 wọ́n pàtẹ rẹ̀ ní Wembley, wọ́n sì fi ìtẹ́ tí a ṣe ní Ìlú Ọba gbà á fún British Museum. (Ta ló rẹ́rìn-ín nínú wọn?)

Ní Ọ̀yẹ́, níbi tí Bándélé ọmọ Aréògún ti gbẹ́gi fún ìjọ Àgùdà lọ́dọ̀ Fadá Kevin Carroll láti ọdún 1947, ọwọ́ kò rọ: àwọn amòye tó wá kí Jésù wọ ẹ̀wù ọba Yorùbá, wọ́n sì dára wò. Ẹ̀rín ni n kò rí. Òyìnbó tí à bá fi ṣẹ̀fẹ̀ ló ni iṣẹ́ níbẹ̀.