Ilé Tí A Fi Jẹ Oyè, Tí A Kò Fún Ní Iṣẹ́

Ilé ni a ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí ni ó wá sí mi lọ́kàn ní ọjọ́ tí ẹbí wa pe ìpàdé ní Ìṣẹ̀rì Olowora, lórí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá àgbà mi fi sílẹ̀. Àwọn kan ní kí a wó o, kí a fi ààyè rẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Àwọn kan ní ogún baba kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi yíjú sí mi, wọ́n ní, “Ìwọ tí ò ń kàwé ní Yunifásítì, kí ni ìwé wí?” Èmi kò rí èsì fọ̀. Ohun tí n kò lè sọ ní ọjọ́ náà ni mo fẹ́ sọ nínú ìwé ẹgbẹ́ wa yìí. Mo sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ wa bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ.

Ilé kan wà tẹ́lẹ̀ rí ní Ìta Tinúbú, ní Erékùṣù Èkó, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Ilojo Bar. Ní nǹkan bí ọdún 1855 ni ìdílé Fernandez, tí í ṣe Àgùdà, kọ́ ọ. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Orí ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun ọdẹ. Irin tí a fi dárà wà létí ibi ìnaju òkè tí ó yọ sí ojú títì. A sì rẹ́ ọnà mọ́ ara ògiri rẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró níwájú rẹ̀ yóò mọ̀ pé ẹni tí ó kọ́ ọ kò kánjú.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ilé àjèjì ni, ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń kọ́ èdè bi í ní ìbéèrè kan: ǹjẹ́ “pẹ̀tẹ́ẹ̀sì” kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá? Ẹnu òyìnbó ni a ti gbà á, ṣùgbọ́n a ti fi ohùn tiwa sí i, ó sì ti di tiwa. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ilé Àgùdà. Àwọn bíríkìlà àti káfíńtà tí ó ti Brazil padà wá fi iṣẹ́ wọn kọ́ àwọn ọmọ Èkó, àpẹẹrẹ náà sì ti Èkó wọ àwọn ìlú òkè lọ. Ní agbo ilé àwọn baba wa, yàrá a máa yí àgbàlá ká. Nínú ilé tuntun yìí, pásééjì ni ó gba ipò àgbàlá, tí yàrá ọ̀tún àti ti òsì sì kọjú sí ara wọn. Bí ilé bàbá àgbà mi ní Ìṣẹ̀rì ṣe rí nìyẹn.

Ilojo Bar kò ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo láyé rẹ̀. Ó ṣe ilé oúnjẹ àti ilé ọtí, ó ṣe ilé gbígbé, ó ṣe ilé ìtajà. Ní 1933 ó bọ́ sí ọwọ́ ìdílé Ọláìyá. Ní 1956 ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 11 oṣù September, ọdún 2016, wọ́n wó o lulẹ̀.

Púpọ̀ nínú àwọn tí ó kọ̀wé lórí rẹ̀ sunkún ẹwà rẹ̀, wọ́n sì bú àwọn tí ó wó o. Mo bá wọn kẹ́dùn, ṣùgbọ́n mo rò pé ẹkún náà kò dé ìdí ọ̀ràn. Ọgọ́ta ọdún gbáko ni ilé yìí fi jẹ oyè. Ṣé oyè a máa rẹ́ ògiri? Ṣé ìwé òfin a máa kan òrùlé tí ó jò? Ilé tí ó ń ṣiṣẹ́ a máa rí ẹni tí yóò tún un ṣe, nítorí pé ẹni náà ń jẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ ilé ìdílé kan di ti gbogbo ènìyàn, tí a kò sì sọ ẹni tí yóò san owó bíríkìlà, ẹrù ni a gbé ka ìdílé náà lórí, kì í ṣe adé.

Àwọn kan yóò wí pé bí ilé bá pààrọ̀ iṣẹ́, ó ti sọ ìwà rẹ̀ nù. Rárá o. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1714 dé 1830, ọba mẹ́rin tí ó ń jẹ́ George ni ó jẹ tẹ̀ léra, a sì fi orúkọ wọn pe ilé ayé wọn. Irú rẹ̀ kan wà ní Edinburgh, ojúlé 7 ní Charlotte Square, èyí tí Robert Adam ya àwòrán ojú rẹ̀ ní 1791. Ibùgbé ọlọ́rọ̀ ni wọ́n kọ́ ọ fún. Láti 1975 ó ti di ibi tí àlejò ń wọ̀ láti wo bí àwọn ará ìgbà náà ṣe gbé ayé. Iṣẹ́ yí padà, ojú ilé kò yí padà.

Kí ni mo tilẹ̀ ń wá lọ sí òkè òkun? Ẹ̀wọ̀n Broad Street wà ní Èkó níhìn-ín, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1882, tí Herbert Macaulay àti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà nínú rẹ̀ rí. Wọ́n ti wó púpọ̀ nínú rẹ̀ kí àwọn ayàwòrán ilé tó rí iṣẹ́ fún èyí tí ó kù. Ní 2010 ó di Freedom Park. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ènìyàn ni òṣèré ń gun lónìí láti ṣeré. Ẹni tí ó bá jẹun tán níbẹ̀, tí ó sì rí ògiri àtijọ́, kò tún lè wí pé òun kò mọ ìtàn.

Nítorí náà, bí Ẹ̀gbọ́n bàbá mi bá tún bi mí, èsì mi nìyí: kí a má wó o, kí a má sì sọ ọ́ di òrìṣà. Kí yàrá ìsàlẹ̀ tí ó kọjú sí títì di ṣọ́ọ̀bù, kí owó ibẹ̀ máa tún òrùlé ṣe. Kí ojú ilé àti pásééjì wà bí bàbá àgbà ti fi wọ́n sílẹ̀. N kò mọ̀ bí wọn yóò gbà fún mi. Ìpàdé mìíràn ń bọ̀ ní ìparí oṣù yìí, n kò sì ní dákẹ́ níbẹ̀ mọ́.