Ta ni Olùṣe? Àyẹ̀wò Gbólóhùn Kan lórí Ìtànṣán àti Ìyípadà Àbùdá Irúgbìn

Ìfáárà

Bí olùkọ́ bá fẹ́ ṣàlàyé ìlò ìtànṣán nínú iṣẹ́ àgbẹ̀ ní èdè Yorùbá, gbólóhùn tí ó máa ń yá lẹ́nu ni pé: ‘Ìtànṣán máa ń mú irúgbìn sunwọ̀n sí i.’ Gbólóhùn yìí kúrú, ó sì yéni. Ṣùgbọ́n ó fi ìtànṣán ṣe olùwà, ó sì tún sọ ọ́ di olùṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó yẹ kí a yẹ gbólóhùn náà wò, nítorí ohun tí olùkọ́ bá fi sẹ́nu ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú lọ sílé.

Ohun tí ìtànṣán ń ṣe

Ní ọdún 1927, H. J. Muller fi hàn pé ìtànṣán X lè yí àbùdá eṣinṣin èso padà. Ní ọdún 1928, L. J. Stadler, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Missouri, ní Amẹ́ríkà, jábọ̀ irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ lára ọkà báálì àti àgbàdo. Ìtànṣán a máa já okùn DNA tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì irúgbìn. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń tún okùn náà so, ó lè ṣì í so: apá kan lè sọnù, òmíràn lè kúrò ní ipò rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè sọ ibi tí ìtànṣán yóò bà. Púpọ̀ nínú ìyípadà wọ̀nyí kò ṣe irúgbìn láǹfààní. Irúgbìn mìíràn kò tilẹ̀ ní hù. Stadler fúnra rẹ̀ ṣiyèméjì nípa àǹfààní tí àgbẹ̀ lè rí nínú rẹ̀.

Ẹ̀rí láti inú oko

Ọkà báálì Golden Promise ni àwọn olùyìn ìtànṣán sábà máa ń tọ́ka sí. Láti ara Maythorpe ni wọ́n ti rí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí wọ́n fi ìtànṣán gámà kan irúgbìn rẹ̀. Pòròpórò rẹ̀ kúrú, ó le, kì í tètè wó. Àwọn tí ń ṣe ọtí wisikí ní Skọ́tíláǹdì sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: irúgbìn kan náà kò lágbára láti dènà àrùn tí ń bo ewé bí ìyẹ̀fun funfun.

Ẹ̀rí kejì tún lágbára ju ìyẹn lọ. Ní Kalifọ́níà, wọ́n fi ìtànṣán gámà kan ìrẹsì Calrose, wọ́n sì ṣa èyí tí kò ga láàrin àwọn ọmọ rẹ̀. Òun ni Calrose 76 tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1976. Àbùdá tí ó yí padà lára rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní sd1, ti yí padà tẹ́lẹ̀ láìsí ọwọ́ ènìyàn kankan lára Dee-geo-woo-gen, ìrẹsì Taiwan tí ó jẹ́ òbí fún IR8 ti ọdún 1966. Níhìn-ín, ìtànṣán kò dá ohun tí ayé kò rí rí. Ó kàn mú kí ohun tí ó ṣọ̀wọ́n tètè yọjú ni. Ojú tí ó rí i, ọwọ́ tí ó ṣà á, àti ọdún tí wọ́n fi ń tún un gbìn láti dán an wò ni ó sọ ọ́ di irúgbìn àgbẹ̀. Igi kan kì í dá igbó ṣe.

Àṣìṣe àwọn tí ń bẹ̀rù

Àwọn tí ń bẹ̀rù náà ń fi ìtànṣán ṣe olùṣe: wọ́n ní ó ń sọ oúnjẹ di májèlé. Ìtànṣán gámà kì í gbé inú irúgbìn tí ó bá kàn. Ìyípadà tí ó ṣe ni ó ń ṣẹ́kù. Síbẹ̀, ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe asán pátápátá, nítorí àbùdá tí ẹnikẹ́ni kò fojú sí lè yí padà pẹ̀lú èyí tí a ń wá. Ní oṣù Keje ọdún 2018, Ilé Ẹjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù pinnu pé irúgbìn tí a fi irú ọ̀nà báyìí mú jáde wà lára àwọn tí ènìyàn tọwọ́ bọ àbùdá wọn, ṣùgbọ́n ó yọ àwọn ọ̀nà tí a ti ń lò láti ìgbà pípẹ́ láìséwu kúrò lábẹ́ òfin náà. Ìtàn ìlò ni ilé ẹjọ́ náà wò.

Àgbálọgbábọ̀

Irúgbìn tí a fi ìtànṣán tàbí kẹ́míkà yí àbùdá wọn padà, tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ FAO àti IAEA, ti lé ní 3,000. Ọ̀nà náà kì í ṣe asán. Gbólóhùn ni ó yẹ kí ó yí padà. Kí olùkọ́ wí pé: ‘Ìtànṣán máa ń yí àbùdá irúgbìn padà láìyàn, ènìyàn ni ó máa ń ṣa èyí tí ó dára.’ Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ èyí yóò béèrè ẹni tí ó ṣà á, ohun tí ó fi ṣe òdiwọ̀n, àti ohun tí irúgbìn náà pàdánù. Ìbéèrè mẹ́ta yìí ni àgbẹ̀ nílò kí ó tó gba irúgbìn tuntun sóko.